Ewé Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Jó Láìsí Iná

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ló gbé igbó wọ ilé mi. Mo ní kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí èèyàn bá kàn gbọ́ pé igi igbó mẹ́rin, igbó tí wọ́n ń fà bíi sìgá, ń dàgbà ní ìsàlẹ̀ ilé ọkùnrin tó ń darí èrò sórí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kò ní dára.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí àwọn òbí wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Bowmanville, ìlú kékeré kan ní Kánádà, ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níṣirò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọkọ wọn títí ọkọ fi kú. Lẹ́yìn ikú yẹn ni eegun ẹ̀yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Ìrora náà á mú wọn láti ìdí, á gba itan sọ̀kalẹ̀, á fi dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn ò lè jókòó pẹ́, wọn ò sì lè dùbúlẹ̀ pẹ́. Oògùn tí dókítà kọ́kọ́ fún wọn ń mú kí òòyì máa kọ́ wọn, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lè yàgbẹ́. Nígbà tó yá, dókítà yẹn kan náà ló ní kí wọ́n gbìyànjú epo tí wọ́n ń fà jáde lára igbó, kí wọ́n máa kán an sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n kán an, wọ́n sì sùn. Nígbà tí wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn wọn dà bí ohùn ọmọge.

Wọ́n kúrò ní Bowmanville, wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa nítòsí oríta Jane and Finch ní ìlú ńlá, torí kò yẹ kí wọ́n dá gbé mọ́. Wọ́n kó aṣọ wọn wá, wọ́n kó ìwé wọn wá, wọ́n sì kó igi wọn wá. Wọ́n ní epo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kì í bá wọn lára mu bíi ti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Wọ́n to àwọn igi náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n gbé iná funfun kan kọ́ sókè wọn, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn láràárọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ lára ògiri.

Òfin Kánádà gba ilé kan láyè láti gbin mẹ́rin. Mo mọ òfin náà. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin wa tó wà ní yunifásítì sì mọ̀ ọ́n ju àwa méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ka òfin.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, ọmọ onílé wa kan wà tó máa ń fi agolo ṣe ọkọ̀ ìṣeré fún àwa ọmọdé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá ya wọ agboolé, wọ́n wọ́ ọ jáde nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n ní igbó wà lábẹ́ ẹní rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń yí nílẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, nígbà tó sì dé, kò ṣe ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, bàbá wa pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀.

Wọ́n ní, “Ẹni tó bá fọwọ́ kan igbó nínú yín, kó má padà wọ ilé mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí bàbá wa ń sọ̀rọ̀ náà. Wọn ò jù ú sílẹ̀ títí bàbá wa fi dìde. Ẹ̀rù ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi títí dòní. Láti ìgbà tí igi wọn ti dé ilé wa, n kì í sún mọ́ ọn. Bí mo bá fẹ́ fọ aṣọ, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà òtútù tó kọjá ni àwọn dókítà ní ó tó àkókò láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀yìn wọn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n pè mí wá sí ìsàlẹ̀ ilé.

Wọ́n ní, “Àwọn ike yìí ti há mọ́ àwọn igi yìí. Wò ó, gbòǹgbò ti ń yọ jáde nínú ihò ìsàlẹ̀. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún, bá mi ṣí wọn sínú ike ńlá.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe ọmọ mi ló yẹ kẹ́ ẹ rán? Ó mọ nǹkan báyìí jù mí lọ.”

“Ìwọ ni mo ń rán. Ọmọ yẹn ní ìdánwò.” Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. “Ewé lásán ni, àbúrò mi. Kò ní bù ọ́ jẹ.”

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Wọ́n jí, wọ́n bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n tilẹ̀ ráhùn pé ọbẹ̀ ilé ìwòsàn kò níyọ̀. Kò pẹ́ sí i ni ibà gbé wọn. Ibi tí wọ́n là ti kó kòkòrò, kòkòrò náà sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le, wọ́n fún wọn lóògùn tó ń mú èèyàn sùn, wọ́n sì ki ọ̀pá mímí sí wọn lẹ́nu. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àyà wọn ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń gbé e, kì í ṣe àwọn.

Àtiwakọ̀ délé lọ́jọ́ náà, n kò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé láìbọ́ kóòtù, mo sì dúró níwájú àwọn igi wọ̀nyẹn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi nílò nígbà yẹn, èyí nìkan ni mo lè ṣe.

Mo fẹ́ ṣe é dáadáa. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti rà sílẹ̀ wà nínú àpò lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n lójú mi kò dára tó. Mo lọ ra òmíràn, dúdú kirimú, èyí tó wọ́n jù níbẹ̀, tí wọ́n ya tòmátì ràbàtà sára àpò rẹ̀. Mo yọ àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra yíká bí òwú. Mo rọra tú u díẹ̀ bí mo ṣe rí i nínú fídíò, mo gbé wọn sínú ike ńlá, mo fi iyẹ̀pẹ̀ tuntun yẹn yí wọn ká. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìgò ajílẹ̀ olómi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń pò mọ́ omi. Mo pò ó, mo sì pò ó kó nípọn. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó ń ṣí láti ilé kékeré lọ sí ilé ńlá, oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ nílò. Mo fi rin wọ́n títí iyẹ̀pẹ̀ fi mu àmuyó.

Fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀, kò sí nǹkan. Àfi bí mo ṣe tan iná ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo rí i pé ṣóńṣó àwọn ewé ti pọ́n. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti fi ìṣáná tọ́ wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, ibi tó pọ́n ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ti ń gun etí ewé bọ̀. Àwọn ewé tí kò tíì jó ṣú ju bó ṣe yẹ lọ, orí wọn sì ti tẹ̀ wálẹ̀ bí èékánná àwòdì. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó rún.

Ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. N kò béèrè. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo tún po ajílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó sì burú sí i.

Ẹ má ṣe rò pé igi ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láìmọ̀, mo ti so ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ewé yẹn. Ọjọ́ tí ṣóńṣó ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni ibà wọn tún ga. Ọjọ́ tí èyí tó wà létí ògiri dorí kodò ni dókítà sọ fún wa pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Láràárọ̀, kí n tó bu omi bọ́jú, mo ti wà ní ìsàlẹ̀ ilé, mò ń wo ewé kí n tó mọ irú ohun tí màá bá pàdé nílé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa ronú báyìí. Mo máa ń bá ara mi wí nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, màá tún sọ̀kalẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fẹ́ wá bá wa gbàdúrà nílé. Mo ní kí wọ́n má wàhálà, yìnyín ti pọ̀ jù lójú títì. Òórùn ni mò ń sá fún. Ó ti ń gba ojú ihò afẹ́fẹ́ gòkè wá sí pálọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì. Mò ń rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ òórùn yẹn, wọn ò ní gbọ́ nǹkan mìíràn tí mo bá sọ mọ́. Báyìí ni mo ṣe lé àwọn tó fẹ́ gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn, ìyẹn náà sì tún di ẹ̀rù mìíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, mo ṣí i láìwo ihò ara ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá méjì ni, ọkùnrin kan, obìnrin kan, yìnyín lórí bàtà wọn.

Ara mi kú. Ìwé mi láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà, wọn kò tíì pè mí fún ìbúra. Gbogbo ohun tí mo rí lójú mi ni yàrá ọmọ onílé wa ní Ìbàdàn, àti ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Òórùn náà wá láti ẹ̀yìn mi, ó kọjá lára mi, ó jáde lọ bá wọn.

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ káàsán, sà. Ṣé kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà yín?”

Mo ní, “Mẹ́rin péré ni.”

Ó wò mí. “Kámẹ́rà mẹ́rin?”

Mo mi orí pé rárá, kò sí kámẹ́rà. Obìnrin yẹn wá ṣàlàyé pé wọ́n ti jí ọkọ̀ aládùúgbò wa gbé lọ láàárọ̀, pé bí mo bá rí ohunkóhun tàbí mo gbọ́ ohunkóhun, kí n pe àwọn. Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n tọ́jú ara mi, pé ojú mi kò dá ṣáṣá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé kejì. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan òórùn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn tì í, mo sì rọra jókòó sílẹ̀ síbẹ̀ láàárín bàtà gbogbo wa.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi dé láti ilé ìkàwé, ìsàlẹ̀ ilé ló ti bá mi. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn ike náà, mò ń ṣa ewé tó já bọ́.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. “Daddy, are you praying for the weed?”

Mo ní, “Wá wo ohun tí mo fi nǹkan Big Mummy rẹ ṣe.” Ohùn mi já nígbà tí mo sọ ọ́, ọmọ náà kò sì bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó kúnlẹ̀ tì mí. Ó yí ewé kan sókè, ó yí i sódò, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí mo ṣe, látìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó gbé àpò iyẹ̀pẹ̀ tí mo rà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

“Daddy, the food is already inside.” Ó na ìka sí i kí n rí i. Ajílẹ̀ ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ náà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èyí tó máa tó wọn jẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èmi sì tún da tinú ìgò lé e, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ebi kò pa àwọn igi náà rárá. Àjẹjù ló ń jó wọn láti ìdí, ó sì ń yọ lẹ́nu ewé.

Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́ nígbà tí a ṣì wà níbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Ó ní, “Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbòǹgbò ẹ̀ wò, ẹ wá ń fún un lẹ́bà. Omi la fi ń bẹ̀rẹ̀, Daddy. Omi lásán, díẹ̀díẹ̀.”

A gbé wọn gun òkè lọ sí ilé ìwẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tò wọ́n sínú ibi ìwẹ̀, a sì ń da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí wọn lórí iyẹ̀pẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ ń ti ìsàlẹ̀ jáde dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná. A dúró kó ro, a tún dà á. Ọmọ mi ló ń da omi, ìyàwó mi ló ń di igi mú kó má ṣubú, èmi ń nu ilẹ̀. Omi náà ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn ni.

N kò lè gbé e. Mo nà án sí ìyàwó mi. Ó nu ọwọ́, ó gbé e sétí, ó ń sọ pé, “Yes. Yes. Mo gbọ́. We are coming.” Mò ń wo ojú rẹ̀, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ojú wọn mú, kò sí ohun tí mo rí kà níbẹ̀.

Ó pa fóònù. “Wọ́n fẹ́ tún la ẹ̀yìn wọn lónìí, kí wọ́n fọ ibi tó ń kẹ̀. Wọ́n ní ká wá fọwọ́ sí i.”

A fi àwọn igi náà sílẹ̀ nínú ibi ìwẹ̀, iná ilé ìwẹ̀ ní títàn, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ìyàwó mi ló wakọ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, mo rí i pé ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi nígbà tí mò ń fọwọ́ sí ìwé tí dókítà nà sí mi. Dókítà náà kò purọ́ fún wa. Ó ní bí kòkòrò náà bá ti kọjá sí eegun, òun kò lè ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi kọjá níwájú wa lórí bẹ́ẹ̀dì, irun wọn funfun lábẹ́ fìlà oníbébà. Mo pè wọ́n. Wọn ò gbọ́.

Kò sí àdúrà kankan tó jáde lẹ́nu mi nínú yàrá ìdúró yẹn. Ìyàwó mi ló ń gbàdúrà. Èmi kàn ń wo ilẹ̀kùn. Ní gbogbo àkókò tí a fi jókòó níbẹ̀, n kò rántí ewé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà yẹn ni mo sì mọ̀ pé ewé kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àbúrò ẹni tí kò sí.

Dókítà jáde, ó bọ́ ìbòmú rẹ̀. Ó ní kòkòrò náà kò tíì wọ eegun.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dára lójú ẹsẹ̀. Ibà náà ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Nílé, a gbé àwọn igi náà padà sábẹ́ iná, a sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ. N kò fún wọn ní ohunkóhun mọ́ àfi omi lásán nígbà tí òkè ike bá gbẹ. Ìyẹn ló ṣòro jù, kéèyàn máa wo ohun tó ń kú, kó sì ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó wà létí ògiri kú. Ọ̀pá rẹ̀ rọ̀ láti ìdí. Àwọn mẹ́ta yòókù dúró bẹ́ẹ̀, wọn ò dàgbà, wọn ò sì kú. Ewé tó ti jó kò padà di tútù. Ọmọ mi ní kò lè padà láé, pé orí igi, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ni kí n máa wò. Nígbà tó yá, èyí tó kéré jù yọ ewé méjì lórí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ sì mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n yọ ọ̀pá lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn wọn há, mo ní láti tẹ etí sí wọn lẹ́nu.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igi yín. Mo fún wọn lóúnjẹ jù. Ọ̀kan ti kú.”

Wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́, ta ló ń fún ìwọ lóúnjẹ? Wo bí o ṣe rù.”

Ìgbà tí yìnyín ti yọ́ kúrò lójú títì ni wọ́n dé ilé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó jókòó rárá. Mo ṣáájú, mò ń fi ẹ̀yìn rìn lórí àtẹ̀gùn kí n lè gbà wọ́n bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ìyàwó mi sì di ìgbànú wọn mú láti ẹ̀yìn. Wọ́n dúró níwájú àwọn mẹ́ta tó kù. Wọ́n fọwọ́ ra etí ewé kan tó ti jó.

“Èyí tó kú ńkọ́, o sin ín?”

“Mo kó o sínú báàgì ìdọ̀tí, mà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ẹ̀yìn mú, wọ́n ní kí n má pa àwọn lẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kán epo díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìgò wọn sábẹ́ ahọ́n, wọ́n sì sùn. Ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé àga kan sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo ní mo fẹ́ ka ìwé ìròyìn lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò kà á. Mò ń gbọ́ èémí wọn. Bó bá dúró díẹ̀, èmi náà á di tèmi mú, títí wọn á fi tún mí. Wọ́n hanrun nígbà kan, hanrun gidi, bíi ti bàbá wa. Mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.